Ẹnu Ọ̀sà Èkó Nígbà Ogun Hitler

Omi tó ń ṣàn lẹ́yìn Kétu kì í dúró síbẹ̀. Odò Ògùn á gba Abẹ́òkúta wá, á kọjá ní Ìṣẹ̀rì, á gba ẹ̀gbẹ́ Mile 12, á já sí Àgbóyì, kó tó bọ́ sínú ọ̀sà. Tó bá ti wọ ọ̀sà tán, ẹnu ọ̀sà Èkó ló máa ń wá lọ, láàárín odi òkúta tí ìjọba òyìnbó tẹ́ sínú òkun kí yanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ̀yin tí omi máa ń lé jáde nílé ní Ajégúnlẹ̀ Ìkòsì bí wọ́n bá ti ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, ẹ mọ omi tí mò ń wí. Ibi tí omi yẹn ń gbà bọ́ sí òkun gan-an ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan wá dẹ pàkúté sí ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 1941.

U-69 ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, Jost Metzler sì ni ọ̀gá tó ń darí rẹ̀. Láti Lorient létíkun ilẹ̀ Faransé, tí Jámánì ti gbà nígbà náà, ló ti gbéra. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, ó ti rì ọkọ̀ ẹlẹ́rù Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Robin Moor sínú agbami, nígbà tí Amẹ́ríkà kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀ náà ká Ààrẹ Roosevelt lára gidigidi. Metzler kò wẹ̀yìn. Ó lọ ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ lẹ́nu èbúté Takoradi, ó wá ri òmíràn mọ́lẹ̀ lẹ́nu Èkó, ó sì yọ́ kẹ́lẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù yẹn kan náà, ó ta ọkọ̀ Sangara ní tọpídò níbi tí ìyẹn gbé dúró jẹ́ẹ́ lójú omi Akra.

Bọ́ǹbù tó fi sílẹ̀ fún wa kì í léfòó. Ìsàlẹ̀ omi ló ń sùn sí. Irin ara ọkọ̀ tó bá gba orí rẹ̀ kọjá ló máa ń jí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ọkọ̀ kan gba orí rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Robert Hughes ni, ọkọ̀ tí ń wa yanrìn lẹ́nu ọ̀sà. Ó rì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọkọ̀ yìí, nítorí ẹni tí kò mọ bí ẹnu ọ̀sà Èkó ti rí láyé àtijọ́ kò lè mọ bí ìyẹn ti dùn wá tó. Kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wa yanrìn níbẹ̀ ní 1907, ọkọ̀ ńlá kì í lè wọ Èkó. Òkìtì yanrìn wà lábẹ́ omi, ìgbì ń fọ́ lé e lórí tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ tó bá ti Liverpool dé á dúró sí òkun, wọ́n á so okùn mọ́ àpótí onígi, wọ́n á kó èrò sínú rẹ̀, wọ́n á sì rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń jó lórí omi. Ẹrù mìíràn ní láti yí lọ gba Forcados. Ní 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí odi òkúta. Ní 1926 ni èbúté Àpápá bẹ̀rẹ̀ sí gba ọkọ̀. Odi náà ran ọ̀nà lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yanrìn kì í sinmi. Bí wọ́n bá kó tòní, tọ̀la ń bọ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ awayanrìn ló ń jẹ́ kí Èkó máa jẹ́ Èkó. Ọkọ̀ tó ń la ọ̀nà ni ogun kọ́kọ́ pa lójú ọ̀nà tó ń là. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a jọ dàgbà ní Èkó bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ Robert Hughes rí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ogun Hitler tí wọ́n ń sọ nílé wa, ogun Bọ́má ni. A mọ̀ pé wọ́n kó àwọn ọmọ wa lọ sí Íńdíà àti Bọ́má láti bá àwọn ará Jàpáànì jà nínú igbó. A mọ orúkọ Isaac Fadóyèbọ̀, ọmọ Ẹ̀mùrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn ará abúlé sì fi pamọ́ títí ogun fi kọjá. Ìtàn tó dára ni. Ṣùgbọ́n omi ni wọ́n gbà dé Bọ́má. Omi náà ni iyọ̀ ọbẹ̀ gbà wá, òun ni aṣọ, epo kẹrosíìnì àti bébà ìwé ìròyìn gbà wá, òun ni kòkó àti èkùrọ́ gbà lọ. Fún ọdún márùn-ún ó lé, ọ̀nà yẹn ni Jámánì ń gbìyànjú láti dí, àwa sì wà lára àwọn tó ń fún lọ́rùn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà ogun Kaiser, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1915, Falaba, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster, gbéra ní Liverpool, ó ń bọ̀ létíkun wa, kò sì tíì rìn jìnnà tí U-28 fi rì í. Ènìyàn 104 kú. Ní oṣù Kọkànlá 1917, U-96 rì ọkọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn mìíràn nítòsí Wales nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ilé, ènìyàn 77 sì bá a lọ. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Apapa. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀.

Ohun tí Jámánì rí kò le láti lóye. Erékùṣù ni ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọkọ̀ kò bá gbé oúnjẹ wọlé, ebi á pa wọ́n. Bí kò bá gbé epo wọlé, bàálù wọn kò ní fò. Kí ló dé tí èèyàn á máa kọlu ògiri ààfin nígbà tó lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e bọ̀ lójú ọ̀nà? Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Gẹ̀ẹ́sì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sáré padà sí ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ ní 1917: kí ọkọ̀ má dá rìn mọ́. Nínú oṣù Kẹsàn-án 1939 gan-an, tí ogun kò tíì pé oṣù kan, ọ̀wọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbéra ní Freetown, ní Sàró, ó kọrí sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. SL ni àmì tí wọ́n fún irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn Sierra Leone.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ọkọ̀ láti Èkó, láti Takoradi, láti Cape Town, láti Íńdíà àti Argentina á kó jọ sí Freetown, níbi tí omi ti jìn tó sì fẹ̀ tó láti gba àádọ́ta ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á to wọn ní ìlà-ìlà bí ọmọ iléèwé lórí pápá. Ọ̀gá àgbà kan á wà nínú ọkọ̀ kan láàárín wọn, òun ni á máa fi àsíá sọ̀rọ̀ fún àwọn yòókù, nítorí pé rédíò á tú àṣírí wọn. Lóru, iná kankan kò gbọdọ̀ tàn. Ọkọ̀ ogun díẹ̀ á máa yí wọn po bí ajá darandaran. Ìyára ọkọ̀ tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn á fi rìn, ìyẹn sì lè má ju máìlì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ ní wákàtí kan, kò yá ju ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá ẹgbẹ́ rìn ní láti dúró de arọ inú wọn.

Ní oṣù Kẹfà 1940, Ítálì dá sí ogun. Òkun Mẹditaréníà kò ṣeé gbà mọ́, gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Íjíbítì àti Íńdíà sì ní láti yí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà po. Báyìí ni ọ̀dọ̀ wa ṣe di oríta ayé. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n ń kó bàálù tí wọ́n tú palẹ̀ sínú àpótí wá sí Takoradi, wọ́n ń tò ó níbẹ̀, wọ́n sì ń fò ó gba Èkó, Kánò àti Màídúgùrì lọ sí Cairo. Àpótí bàálù yẹn náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e.

Freetown ni ọ̀wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tó bá kúrò ní Èkó á dá rìn ní etíkun títí dé ibẹ̀, ibi tí ikú sì ti ń dúró dè é nìyẹn. Láti ìgbà tí ọdún 1941 ti mọ́, Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí rán ọkọ̀ abẹ́ omi tó tóbi, tó lè gbé epo púpọ̀, wá sí òkun wa, wọ́n sì ń pàdé ọkọ̀ elépo tiwọn ní agbami láti tún kún inú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni U-107, tí Günter Hessler ń darí. Nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo, láti oṣù Kẹta sí oṣù Keje 1941, ó rì ọkọ̀ 14. Nínú gbogbo ogun náà, kò sí ọkọ̀ abẹ́ omi mìíràn tó rì ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀ nínú ìrìn kan. Òkun tó wà láàárín Kánárì àti Freetown ló ti ṣe é.

Ọ̀kan nínú ọkọ̀ 14 yẹn ni Adda, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà. Àwọn ará Èkó mọ Adda dáadáa. Elder Dempster ní ọkọ̀ márùn-ún tó ń gbé lẹ́tà àti èrò láti Liverpool wá sí ọ̀dọ̀ wa: Aba, Accra, Adda, Apapa, Abosso. Inú wọn ni agbẹjọ́rò, dókítà àti oníwàásù fi lọ kàwé, inú wọn ni wọ́n fi padà dé ní Marina, tí ẹbí á kó ìlù lọ pàdé wọn. Accra lọ ní oṣù Keje 1940. U-34 rì í nígbà tó ń ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ wá ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Apapa kejì, tí wọ́n kàn ní 1927 láti rọ́pò èyí tó rì ní 1917, wà nínú ọ̀wọ́ SL 53, ó ti kọjá gbogbo ewu tó wà lọ́nà, ó kù díẹ̀ kó dé ilé. Bàálù Jámánì kan yọ láti inú ìkùukùu, ó ju bọ́ǹbù lé e. Iná gbà á. Ènìyàn 24 kú. Adda lọ ní 1941. Abosso, tó lẹ́wà jù nínú wọn, lọ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 1942. U-575 ló ta á ní tọpídò lóru nígbà tó ń dá rìn láti Cape Town lọ sí Liverpool, ènìyàn 362 sì kú. Aba nìkan ló kù nínú márààrún, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìwòsàn orí omi.

Ọkọ̀ kékeré kan tún wà tí mi ò lè ṣàìdárúkọ. Ilorin ni. Kò tó ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù, ọkọ̀ tó ń rìn létíkun láti ìlú dé ìlú ni, bí dáńfó tó ń sá láti Ọjọ́ta sí Kétu. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1942, U-125 ta á ní tọpídò lójú omi Gold Coast. Tọpídò tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ẹlẹ́gbàárùn-ún tọ́ọ̀nù ni wọ́n lò fún un. Ìdílé púpọ̀ ní etíkun yìí ni kò rí òkú ẹni wọn sin.

Kétu tiwa ní Kòsọ́fẹ́ ń jẹ́ orúkọ mọ́ Kétu àtijọ́, ìlú Aláketu, tó wà ní ilẹ̀ Benin lónìí. Nígbà ogun, orúkọ ilẹ̀ náà ni Dahomey, Faransé ló sì ń ṣàkóso rẹ̀. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé ní oṣù Kẹfà 1940, àwọn ìjòyè òyìnbó ní Dahomey tẹ̀lé Pétain, olórí Faransé tó ti túúbá. Nítorí náà, Yorùbá tó wà ní Kétu àtijọ́ àti èyí tó wà ní Èkó wà lábẹ́ ìjọba méjì tí kò rí ara wọn sójú mọ́. Ọkọ̀ tó bá jáde ní Èkó tó yà sápá ọ̀tún kọjá níwájú Kútọnu, èbúté tí kò lè sá sí bí ìyọnu bá dé. Ní oṣù Kọkànlá 1942, nítòsí ibẹ̀, U-126 rì New Toronto, ọkọ̀ Elder Dempster tó gbé ẹrù wa láti Èkó: èkùrọ́, ẹ̀pà, òwú.

Ìfura sì pọ̀ nígbà náà. Àwọn ọ̀gá ní Èkó gbà pé ẹnìkan ń ran ọkọ̀ abẹ́ omi lọ́wọ́ ní etíkun wa, ojú wọn sì lọ sí Fernando Po, erékùṣù tó wà lọ́wọ́ Sípéènì, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkọ̀ Ítálì ńlá kan, Duchessa d'Aosta, ti so mọ́ èbúté Santa Isabel níbẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ Jámánì kékeré méjì. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọdẹ tó ń fi oyin tan béárì jáde. Ní oṣù Kìíní 1942, ọkọ̀ afàkọ̀ méjì, Vulcan àti Nuneaton, kúrò ní Èkó pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí Gustavus March-Phillipps ń darí, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Èkó tó yọ̀ǹda ara wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 14, ẹnìkan ti pe àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Ítálì àti ti Jámánì síbi àsè ní ìlú. Bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́, àwọn tó ti Èkó wá fi bọ́ǹbù já ìdákọ̀ró, wọ́n fa ọkọ̀ wọn jáde nínú òkùnkùn, wọ́n sì gbé wọn wá sí Èkó. Sípéènì bínú, Lọ́ńdọ̀nù sì sẹ́ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹnu ọ̀sà wa kan náà ni wọ́n gbà jáde, òun ni wọ́n gbà wọlé.

Àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ kò dá tọpídò dúró. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá 1942, ọ̀wọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi kan rí SL 125, ọkọ̀ 37 tó ti Freetown ń bọ̀, nítòsí Madeira. Wọ́n ń tẹ̀lé e lọ́sàn-án, wọ́n ń pa á lóru, fún ọjọ́ bíi mélòó kan, títí ọkọ̀ 12 fi rì. Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ ogun lọ sí Àríwá Áfíríkà kọjá lákòókò yẹn láìsẹ́ni tó rí wọn, torí gbogbo ojú ọ̀tá wà lára SL 125. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ni àwọn ọmọ ogun náà gúnlẹ̀. Láìpẹ́, Dahomey àti gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yí padà sẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ibodè Kétu sì rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn atukọ̀ tó ń gbé ẹrù wa lọ wà lára owó tí wọ́n fi ra ìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni alẹ́ TS 37. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ 18 ni, láti Takoradi lọ sí Freetown, ọkọ̀ ogun kékeré kan àti ọkọ̀ apẹja mẹ́ta tí wọ́n gbé ìbọn kà ló ń ṣọ́ wọn. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1943, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé, U-515, tí Werner Henke ń darí, wọ àárín wọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkọ̀ mẹ́rin ti ń rì. Ó fà sẹ́yìn, ó tún padà kí ilẹ̀ tó mọ́, ó pa mẹ́ta sí i. Ọkọ̀ méje, ọ̀tá kan ṣoṣo, òru kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn ni Clan Macpherson, tó ti Íńdíà ń bọ̀. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, wọ́n rí i pé kò tíì rì. Edward Gough, ọ̀gá ọkọ̀ náà, kó wọn padà sínú rẹ̀, wọ́n tún iná dá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wà á lọ sí Freetown. Omi ń wọlé ju bí wọ́n ti ń gbọ́n ọn jáde lọ. Wọ́n tún ní láti sá kúrò, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú àwọn tó wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì kò rí ọ̀nà jáde. Àwọn yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ikú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn padà sínú ọkọ̀ nítorí ẹrù tí àwọn mìíràn yóò jẹ.

Ní ọjà Mile 12, a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀nà bá dí. Ní ìparí oṣù Kejì 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dáwọ́ dúró, wọ́n ní àwọn ò ní gbé nǹkan wá sí Gúúsù mọ́. Ọjọ́ díẹ̀ ni. Mo rí agbègbè àwọn aláta níbẹ̀ lásìkò yẹn: apẹ̀rẹ̀ tòmátì òfìfo tí wọ́n tò lé ara wọn dé àjà, ìyá alálùbọ́sà tó ń ka èyí tó kù níwájú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Ẹni tó ń ra apẹ̀rẹ̀ ń ra abọ́, ẹni tó ń ra abọ́ ń ra ẹyọ. Ẹ wá ro irú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Iyọ̀ ló kọ́kọ́ wọ́n. Láti òkè òkun ni iyọ̀ ti ń wá nígbà náà, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e sì wà nísàlẹ̀ òkun tàbí ó ń gbé bọ́ǹbù. Àwọn oníṣòwò ńlá tó ní iyọ̀ á sọ fún ìyá tó wá rà á pé kó kọ́kọ́ ra ọjà mìíràn tí kò fẹ́, kí àwọn tó tà á fún un. Ìyá tó bí ìyá mi, tó ta gàárì ní Kétu kó tó darúgbó, kì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ bu iyọ̀. Ìdérí agolo kékeré kan ló fi ń wọ̀n ọ́n, títí ó fi kú ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí iyọ̀ ti kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí èyí tó dà sílẹ̀ bá wà, á fi ìka tó tutù kó o, á fọ́n ọn sínú ìkòkò. Mo máa ń rò pé ahun ni.

Oúnjẹ ilẹ̀ wa náà gbowó lórí, nítorí ìrẹsì òkè òkun kò wá mọ́, àwọn ọmọ ogun sì kún Èkó, wọ́n ní láti jẹun. Ìjọba ronú pé àwọn obìnrin ọjà ló ń fi ẹ̀tàn gbówó lé e. Wọ́n yan Captain Pullen láti máa bójú tó oúnjẹ. Ó ní iye pàtó ni kí a máa ta gàárì, ó sì dá ọjà ìjọba sílẹ̀. Iye tó fi lélẹ̀ kò tó èyí tí ìyá tó gbé gàárì wá láti Ìjẹ̀bú san fún un. Báwo ni yóò ṣe tà á? Gàárì sá kúrò lójú ọjà, ó di ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ lóru. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Eréko, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti fà á mọ́ra, kò gbà. Kò lọ iléèwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ọjà ju àwọn tó ń ṣe òfin lọ, nítorí òun ló mọ iye tí ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó ń ru ẹrù àti iná igi ń ná ẹni tó ń din gàárì. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń fi ọlọ́pàá gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin fún oúnjẹ ọmọ ogun, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì gba ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìjọba títí tí ìyẹn fi dẹwọ́. Ìbínú àwọn obìnrin tó wá lé Aláké, ọba Abẹ́òkúta, kúrò lórí oyè lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló ti ń gbóná bọ̀.

Ìwé tí àwọn òyìnbó kọ nípa ogun òkun kún fún orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti iye tọ́ọ̀nù. Kò sí gàárì nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ń ka iye tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ná ayé gbọ́dọ̀ ka ohun tí àwọn ìyá yìí san, nítorí àwọn ló jẹ gbèsè ọkọ̀ tó rì láìsí ẹni tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí.

Ohun tí ìlú Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ lọ́wọ́ wa tún pọ̀ sí i ní 1942. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, Singapore bọ́ sọ́wọ́ Jàpáànì, epo pupa àti rọ́bà Malaya sì bá a lọ. Wọ́n yíjú sí wa. Ìjọba ń kéde káàkiri pé kí tọmọdé tàgbà máa pa èkùrọ́. Nínú òróró èkùrọ́ ni màjarínì ti ń jáde, ọṣẹ ń ti inú rẹ̀ jáde, ohun èlò bọ́ǹbù náà sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Kí a fi òkúta kan èkùrọ́ kan láti fọ́ ọ, kí a yọ ọmọ inú rẹ̀ láìfọ́, kí a tún mú òmíràn: báyìí ni àpò kan ṣe ń kún. Lẹ́yìn náà, U-126 lè dé. Ṣùgbọ́n kòkó ni kò rí ọkọ̀. Nítorí pé kò sí àyè tó nínú ọ̀wọ́, ìjọba ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì dáná sun lára rẹ̀. Ètò tí wọ́n fi rà á nígbà ogun ló sì di Marketing Board lẹ́yìn ogun, tó ń pinnu iye tí àgbẹ̀ Yorùbá á gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Owó oṣù kò bá owó ọjà rìn. Ní oṣù Kẹfà 1945, tí Jámánì ti túúbá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ti rélùwéè tí Michael Imoudu ń darí wà níwájú, kò sì parí títí di oṣù Kẹjọ. Obìnrin ọjà ló bọ́ wọn. Ọdún yẹn náà ni ètò Pullen dojú bolẹ̀.

Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni àwọn atukọ̀ tiwa. Elder Dempster ń gba ọmọ Èkó àti ọmọ Kru ní Freetown sínú ọkọ̀. Wọ́n ń kó èédú sínú iná, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń fọ orí ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ wọn wà, ibi tí tọpídò máa ń wọlé sí. Owó wọn kò tó ti òyìnbó tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ àwọn atukọ̀ tí ogun Hitler pa tí òkú wọn kò dé ilẹ̀ sún mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún, wọ́n fín wọn sára bàbà, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gba ibẹ̀ kọjá, kó wá Accra, kó wá Adda, kó wá Ilorin. Kó ka orúkọ wọn sókè.

Ní 1948, ọkọ̀ tuntun kan dé láti Liverpool. Funfun ni wọ́n kun òkè rẹ̀, èrò kún orí rẹ̀, àwọn tó ń padà bọ̀ láti iléèwé ń na ọwọ́ sí àwọn tó dúró lébùúté. Apapa ni wọ́n tún sọ ọ́, ìkẹta irú rẹ̀. Ó rọra gba àárín odi òkúta wọlé, níbi tí ọkọ̀ awayanrìn mìíràn ti ń ṣiṣẹ́, omi odò Ògùn sì ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí òkun.